Òkú Ogun Tí Kò Wálé

 Ìdúmọ̀tà ní Èkó ni ìjọba amúnisìn gbé ère sójà kan àti aláàárù kan kalẹ̀ sí, ní ìrántí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ogun 1914 sí 1918 gbé lọ. Wọ́n ti gbé ère náà kúrò níbẹ̀, àmọ́ àwọn àgbà Èkó kò gbàgbé Sójà Ìdúmọ̀tà.

Ogun Hítílà tó tẹ̀ lé e tún kó àwọn mìíràn lọ. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọkọ̀ ojú omi gbé lọ bá àwọn ará Japan jà nínú igbó Bọ́mà. Ẹni tó dé, ó dé. Ẹni tí kò dé ńkọ́? Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba lẹ́yìn 80 ọdún, ṣé ó ṣe òkú náà lóore, àbí ọkàn alààyè nìkan ló tù?

Yorùbá ti dáhùn ìbéèrè yìí kí ìwé tó dé. Bí ènìyàn bá kú sójú ogun, tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé, àwọn tí wọ́n jọ lọ a gé irun orí àti èékánná rẹ̀, wọn a gbé e wálé fún ìsìnkú. Ìwọ̀nba yẹn tó fún àwọn ọmọ láti ṣe gbogbo ètùtù bàbá wọn. Òkú ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn ọmọ rẹ̀, ọ̀nà jíjìn kò sì pa á rẹ́.

Àwọn mùsùlùmí náà ti jiyàn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nígbà tí ìròyìn ikú Najashi, ọba Habaṣa, dé Mẹ̀dínà, Ànọ́bì kírun sí i lára láì rí òkú rẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Ìmáàmù Ṣáfíì fi èyí ṣe ẹ̀rí pé a lè kírun sí òkú tó wà lókèèrè. Àwọn ti Ìmáàmù Málíkì, tí ọ̀pọ̀ mùsùlùmí Yorùbá ń tẹ̀ lé, ní ti Ànọ́bì nìkan nìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí àdúà, ẹnu wọn kò: kí ọmọ máa tọrọ àforíjìn fún bàbá rẹ̀, ibi yòówù kó sùn sí. Àwọn Kátólíìkì náà a máa ya oṣù November sọ́tọ̀ fún àdúrà òkú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Guggisberg, gómìnà Gold Coast, sọ ní 1923: pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò ní mọ rírì òkúta orí sàréè. Irú èrò yìí ni wọ́n fi yọ orúkọ ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀. Ìwádìí tí Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ológun, fúnra rẹ̀ gbé jáde ní April 2021 jẹ́wọ́ pé, nínú òkú ogun àgbáyé kìíní, ó kéré tán 116,000, bóyá tó 350,000 pàápàá, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Èkó tó ṣe Adámú Òrìṣà fún Ọba Akíntóyè ní 1854, ta ni yóò sọ pé aláwọ̀ dúdú kò mọ bí a ṣe ń yẹ́ òkú sí? Nítorí náà, ẹni tó ń tú ìwé àtijọ́ kiri nítorí bàbá àgbà rẹ̀ kò ṣeré. Ìsìnkú tí wọ́n dá dúró lágbedeméjì ló ń parí.

Iṣẹ́ náà sì le. Ẹ mú ìràwọ̀ Bọ́mà, àmì-ẹ̀yẹ àwọn tó jà níbẹ̀, tó wà nínú àpótí ìdílé kan: idẹ onígun mẹ́fà ni, rìbọ́nù rẹ̀ pupa láàárín, ó ní búlúù àti àwọ̀ ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ yí i padà, òfìfo ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sójà wa sára rẹ̀. Nọ́ńbà tí iṣẹ́ ológun fún un ni ìdílé gbọ́dọ̀ wá, èyí tí lẹ́tà NA ń ṣáájú fún ọmọ Nàìjíríà. Orúkọ pàápàá ń tanni jẹ, nítorí akọ̀wé ológun a máa fi ìlú sójà ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀. Òjó tó ti Ìbàdàn wá di Òjó Ìbàdàn. Nínú orúkọ bí 27,000 tó wà lára ìrántí Rangoon ní Taukkyan ní Bọ́mà, ọmọ-ọmọ lè kọjá lára bàbá àgbà rẹ̀ láì mọ̀, àfi bí àgbà kan nílé bá sọ ìlú tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ rẹ̀ fún un.

Ìwé lè ṣe ju kó sọ ẹni tó kú lọ. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta ní 1942, ọmọ ọdún 16. Ní March 1944, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ létí odò Kaladan ní Bọ́mà. Mùsùlùmí ará abúlé kan, Shuyiman, ló gbé òun, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, àti David Kargbo ará Sàró pamọ́ títí di December. Ìtàn tí Fádóyèbọ̀ kọ sílẹ̀ wà ní Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníròyìn Barnaby Phillips kà á níbẹ̀, ó wá a rí, ó sì mú lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà ní 2011. Shuyiman ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbà á. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fádóyèbọ̀ náà kú. Gbèsè tó wà láàárín ẹlẹ́sìn méjì fún 67 ọdún, ìwé ló jẹ́ kí ó ṣeé san.

Títí di òní, Commonwealth War Graves Commission ṣì ń gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ìdílé tó bá fẹ́ kí wọ́n tún orúkọ tí wọ́n ṣì kọ ṣe, tàbí kí wọ́n fi èyí tí wọ́n fò kún un. Oríkì bàbá, agbo ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ẹni tí wọ́n jọ lọ, ẹnu àgbà nìkan ni ìwọ̀nyí wà. Ọmọ tó bá fẹ́ sin bàbá àgbà rẹ̀ dáadáa yóò bi wọ́n nísinsìnyí, kó tó kọ̀wé sí àjọ náà.