KÁÀDÌ ÀJỌ ÀTI ÌWÀ WA

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé kalẹ̀: ṣé ó yẹ kí ènìyàn máa sàmì sí ohun rere tí ó ń ṣe lójoojúmọ́, tàbí ìgbéraga ni?

Ẹ wo ọjà Sandgrouse ní Láfíàjí níhìn-ín. Alájọ á dé ìsọ̀ ìyá aláta, á gba owó, á sàmì sí ààyè ọjọ́ náà lórí káàdì. Bí ìyá bá ń dá ₦200 lójúmọ́, tí ọjọ́ 30 pé, ₦6,000 nìyẹn. Alájọ á mú ₦200 tirẹ̀, ìyá á gba ₦5,800. Owó tí ìbá ti bá ọ̀fun lọ ti di owó ọjà. A máa ń sọ pé orí ẹnìkan pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó gbàjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Orí tiwa kò pé tó bẹ́ẹ̀. Káàdì ló ń rán wa létí.

Àwa náà gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ògiri. A ní ọjọ́ tí a bá ka Bíbélì kí ilẹ̀ tó mọ́ nìkan la ó sàmì sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ geere. Lọ́jọ́ kan oorun gbé wa lọ. Kí ààyè má baà ṣófo, a sàmì sí i. Nígbà tó yá, ó di àṣà. Kàlẹ́ńdà kún, ọkàn ṣófo. Farisí inú Lúùkù orí 18 ń ka ààwẹ̀ rẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó kúkú gbà á. Tiwa burú ju tirẹ̀ lọ!

Ẹ̀bi káàdì kọ́. Mósè pàápàá, nínú Sáàmù 90, bẹ Ọlọ́run kí ó kọ́ wa ní kíka ọjọ́ wa. Ṣùgbọ́n alájọ kì í sàmì síbi tí kò ti gba owó. Ẹlẹ́rìí ni àmì, kì í ṣe owó. Ìyá tó pa ọjọ́ kan jẹ kì í sì í fa káàdì ya. Á dá ti ọjọ́ kejì ni.

Ní báyìí, ìyàwó wa ló ń mú báírò. Lóṣù tó kọjá, ààyè mẹ́rin ṣófo, òótọ́ sì ni ìyókù.

Kí Olúwa fún gbogbo wa ní ìforítì. Àmín.