Ta Ló Ni Ìmọ̀ Tó Wà Ní Ilé-Ìkàwé?

Ní ọdún 2011, nígbà tí rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò sípò ààrẹ Côte d'Ivoire gbóná janjan ní Abidjan, Yunifásítì Cocody kò bọ́ nínú rẹ̀. Ìjà ba ilé jẹ́, wọ́n kó ohun èlò lọ, ìjọba sì ti yunifásítì náà pa. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ni ó tó ṣí padà, pẹ̀lú orúkọ tuntun: Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny. Ògiri tó wó ṣeé tún mọ, ọ̀dà ṣeé tún kùn. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ tí ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tàbí ohùn arúgbó tí wọ́n gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ owó ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ìwà ni: ta ni ilé-ìkàwé ń bá tọ́jú ìmọ̀, gbèsè wo ni ó sì jẹ ẹni náà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdáhùn ti dé láti ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dé. Lójú wọn, bí yunifásítì bá ti ra kọ̀ǹpútà, aṣèwádìí yóò rí gbogbo ohun tó ń wá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọdún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńláńlá dá ètò HINARI sílẹ̀, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ lè máa ka jọ́nà ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. AGORA, tó jẹ́ ti iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ̀lé e ní ọdún 2003. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n aṣọ à-gbà-bọ̀ kì í báni lára mu. Bí kò fúnni lápá, a ṣoni. Ìwé tí ilé-ìkàwé fi owó rà, tirẹ̀ ni; jọ́nà tó sanwó láti máa kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ kíkà lásán ló sábà máa ń ní lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá tán, tàbí tí wọ́n bá sọ pé orílẹ̀-èdè náà ti kúrò lára àwọn tí à ń ràn lọ́wọ́, ìlẹ̀kùn lè tì.

Èyí tó tún ń fa ìrora jù ni ti ìmọ̀ tí Abidjan fúnra rẹ̀ bí. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń gbé ìlú náà láti ìran dé ìran. Anango ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ kọ nípa Yorùbá tí àwọn ọmọ wọn ń sọ ní Treichville tàbí Adjamé, èyí tí Faransé àti Dioula ti wọ̀. Bí orúkọ àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Abidjan kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà ní Paris nìkan ni yóò rí, yóò sì máa rò pé ẹnikẹ́ni kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nílé. Báyìí ni onílé ṣe ń di àlejò nínú ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ilé-ìkàwé lè ṣe fún aṣèwádìí ni pé kí ó ṣe ẹ̀dà àwọn àpilẹ̀kọ oyè tí wọ́n kọ nílé sínú kọ̀ǹpútà, kí ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì fi ẹ̀dà mìíràn pamọ́ sí ìlú mìíràn. Àwọn tó fi bòókẹ́lẹ́ kó ìwé àfọwọ́kọ láti Timbuktu lọ sí Bamako ní ọdún 2012 mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí iná jó yàrá ìkàwé Jagger ní Yunifásítì Cape Town ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2021, ìwé tí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn ni iná kò lè pa run.

Ṣé gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ilé-ìkàwé ló wá yẹ kó dà síta gbangba? Ìkéde Budapest ti ọdún 2002 ní kí iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ láìretí owó di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́wọ́ ni ìkéde yẹn ń sọ. Bàbá arúgbó tó sọ ìtàn ìdílé rẹ̀ tàbí ewé ìwòsàn fún aṣèwádìí ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ẹni kan tó jókòó níwájú rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀. Kò bá gbogbo ayé sọ ọ́. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn.

Síbẹ̀, kí òwe yìí má di àwáwí fún ọ̀lẹ. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi gba oyè, tí owó ìlú sì gbé ró, kò ní ohun tó yẹ kó fara pamọ́ fún. Ohùn àwọn àgbà ni ó yẹ kí wọ́n wá ìdílé rẹ̀ lọ, kí wọ́n bi wọ́n léèrè, kí wọ́n sì kọ àdéhùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè ṣe ìyàtọ̀ yìí. Ènìyàn tó kọ́ṣẹ́, tó gbọ́ èdè ìlú, ló lè ṣe é. Yunifásítì tó bá ra ẹ̀rọ láìgba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ilé-ìkàwé kì í ṣe olówó ìmọ̀, alágbàtọ́ rẹ̀ ni. Alágbàtọ́ kì í sì í ti ọmọ mọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń kọjá lọ.