Gbèsè Ẹni tí ó Ṣáájú



Ẹni tí ó bá ṣáájú lójú ọ̀nà oko ní òwúrọ̀, òun ni ìrì máa ń rin láṣọ. Àwọn tí ń tẹ̀lé e a sì kọjá ní gbígbẹ. Gbogbo wa gbà pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: ǹjẹ́ ẹni tí ó ṣáájú jẹ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní gbèsè kankan bí?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìgbésí ayé obìnrin kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Mobọ́lájí Akiode ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Amẹ́ríkà, tí ó sì lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n tí a gbé kọ́ sókè, ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ẹ̀bùn yìí gbé e dé Fordham ní New York, yunifásítì àwọn Jésúìtì. Ní ọdún 2004 ó wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ lọ sí Ìdíje Òlíḿpíìkì, ní ìlú Átẹ́ńsì. Ìrì rin wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n jáde, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n sì pàdánù. Ní ìgbà kẹfà ni wọ́n tó borí Kòríà Gúúsù, 68 sí 64. Ipò kọkànlá ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ méjìlá. Ẹni tí ń fi ipò díwọ̀n ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ṣáájú ọjọ́ náà, kò sí ẹgbẹ́ obìnrin Áfíríkà tí ó tíì borí nínú eré yìí ní Òlíḿpíìkì.

Lẹ́yìn èyí, ó rí iṣẹ́ olówó oṣù ní ESPN, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tí ń ròyìn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ Hope 4 Girls Africa sílẹ̀, kí ó lè máa fi eré yìí tọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ilẹ̀ wa sọ́nà.

Ẹnìkan lè wí pé, “Òógùn ojú rẹ̀ ni ó jẹ, ta ni ó jẹ ní gbèsè?” Òtítọ́ ni pé kò sí òfin tí ó mú un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: mo bá ọlá jí. Ẹni tí ó bá ọlá jí kò fi òógùn rà á. Ó lajú, ó rí i níbẹ̀ ni. Òógùn ni ti wa; okun tí a fi ń làágùn, a gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Nítorí náà ni gbèsè náà fi wà, gbèsè tí adájọ́ kò lè gbà, tí ìfẹ́ nìkan lè san.

Ní ọdún 2024, ní Párísì, àwọn obìnrin Nàìjíríà borí Ọsirélíà, 75 sí 62, wọ́n sì borí Kánádà, 79 sí 70. Wọ́n di ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kù sójú ìdíje, ibi tí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan, ìbáà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, kò dé rí. Ojú ọ̀nà tí àwọn ti ọdún 2004 ti gbọn ìrì rẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá.

Àwa ará Ẹdẹ kò ṣàjèjì sí èyí. Ìtàn sọ fún wa pé Aláàfin rán Tìmì àkọ́kọ́ wá síhìn-ín láti ṣọ́ ojú ọ̀nà, kí àwọn oníṣòwò lè kọjá láìléwu. Òun ni ó ni ọfà. Àwọn èrò ọ̀nà ni ó ń ta á fún.

Nítorí náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ kàwé nínú ìdílé rẹ̀, kí ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá tí ó rí ẹ̀bùn lára ọmọbìnrin rẹ̀, kí ó má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ri tálẹ́ńtì rẹ̀. Bí ìrì bá sì ti rin aṣọ wa, kí a má ṣe kánjú lọ yá oòrùn. Kí a kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn.