Ta Ló Ń San Owó Ọ̀fẹ́ Yìí?

Kọ̀ǹpútà àlòkù tí a rà fún ọ́fíìsì ìjọ ń kọ ọ́ sí igun ojú rẹ̀ pé a kò tíì gba àṣẹ lílo Windows. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàrin wa, ọmọ dáadáa, ní kí a má wulẹ̀ náwó. Òun ní ètò kan tí yóò ṣí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn kan bèèrè pé ṣé kì í ṣe olè nìyẹn? Wọ́n dá wọn lóhùn pé olówó ni Microsoft, kò tilẹ̀ ní mọ̀.

A kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Orí díìsìkì àdàkọ ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, nígbà tí owó oṣù kò tó ra ojúlówó. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1988 kò sì gbà kí a máa da ètò kọ̀ǹpútà kọ láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ gbé ti Microsoft tì ná.

Microsoft ní ọ̀nà kan, KMS, fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá: àwọn kọ̀ǹpútà wọn ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà àgbà kan, àṣẹ ọ̀hún a sì máa lo 180 ọjọ́. Ètò ayédèrú yìí ń ṣe bí ẹni pé òun ni kọ̀ǹpútà àgbà náà. Ohun tó sì sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí a pa ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹnì kan bá gbé ìgò abẹ́rẹ́ tí kò ní orúkọ wá sí wọ́ọ̀dù, tó ní kí a kọ́kọ́ lé ẹni tó ń bá wa yẹ oògùn wò jáde, ta ni yóò gún aláìsàn ní irú rẹ̀? Ní 2021, àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà rí KMSPico kan tí wọ́n fi Cryptbot, olè tó ń jí páásíwọ́ọ̀dù, pamọ́ sí nínú.

Inú kọ̀ǹpútà ìjọ ni àdírẹ́sì yín wà, àti àkọsílẹ̀ ìdámẹ́wàá yín, àti orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí a bá fi ohun tiwa wewu, ọ̀ràn tiwa ni. Ta ló fún wa láṣẹ láti fi tiyín wewu? Èyí ló ká wa lára jù.

Kọ̀ǹpútà mìíràn ti ní àṣẹ tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Tiwa kò ní. Àlòkù wà tí wọ́n ń tà tòun tàṣẹ, ṣùgbọ́n owó wa ti tán. Linux Mint àti LibreOffice ni a yàn, nítorí àwọn tó ṣe wọ́n fúnra wọn ló ní kí a mú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa yẹn náà ló fi wọ́n sí i ní ọ̀sán Sátidé, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé wa ṣì ń ráhùn pé wọ́n ti kó gbogbo nǹkan òun kúrò láàyè wọn.