Ẹnu Àáké àti Mọ́tò Arẹwà Ará Ítálì

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tó ń ṣe iyèméjì ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún: ẹni tó fẹ́ ṣòwò àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí owó, ẹni tó fẹ́ kàwé àmọ́ tí ìyà ọdún mẹ́rin ń bà á lẹ́rù. Àwọn tó bá gbọ́ ọ á sì gbà pé ìgboyà nìkan ló ń kọ́ni, pé kéèyàn ṣáà dijú kó máa ṣá àáké lọ. Èrò tèmi yàtọ̀. Òwe ẹni tó mọ ìṣirò ni. Ẹni tó pa á mọ̀ pé igi ni wọ́n rọ àáké fún, pé bí irin bá pàdé òkúta, ẹnu rẹ̀ á kújú. Ẹ tún fetí sí ọ̀rọ̀ tó lò. Kò sọ pé ẹni tó máa jẹ oyin kì í rí ẹnu àáké. Ó ní kì í wò ó. Rírí yàtọ̀ sí wíwò, ohun téèyàn ò sì rí, kò lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí òwe yìí ń sọ ti rí ẹnu àáké rẹ̀, ó ti mọ iye tí alágbẹ̀dẹ máa gbà láti tún un pọ́n, ó sì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún oyin kó tó gbé e sókè. Mi ò mọ ibi tí òye yìí ti ṣeé dán wò tó ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ra àlòkù mọ́tò Ítálì.

Ẹ jẹ́ ká mú Alfa Romeo 156. Ọdún 1997 ló jáde, wọ́n sì fi í ṣe Mọ́tò Ọdún ní Yúróòpù fún 1998, ìgbà àkọ́kọ́ tí oyè náà máa bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Milan láti ọdún 1910. Walter de Silva ló léwájú àwọn tó ya àwòrán rẹ̀. Béèyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, torí pé ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fara pamọ́ sí igun dúdú létí wíńdò. Níwájú, asà onígun mẹ́ta tó jẹ́ àmì ilé iṣẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ wọ inú bọ́ńpà, nọ́ńbà ọkọ̀ sì ní láti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè fún un láyè. Oyin nìyẹn. Ẹni tó bá ní ẹwà kì í yóni, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òwe wa ò pè é ní iṣu, oyin ló pè é. Kò sẹ́ni tó ń gun àpáta torí oúnjẹ tó ń mú ẹ̀mí ró. Adùn là ń wá lọ síbẹ̀. Àwa tí à ń ra sányán, tí ẹnikẹ́ni kì í sì bi wá bóyá àǹkárá ò lè bo ara, kò yẹ ká ṣe bí ẹni pé ojú ò lẹ́tọ̀ọ́ sí adùn tirẹ̀.

Ẹnu àáké wá ńkọ́? Ó wà nínú ẹ́ńjìnnì Twin Spark, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ 156 tó ń lo epo bẹntiróòlù. Rọ́bà eléyín kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní timing belt, ló so ọ̀pá ìsàlẹ̀ tó ń gbé písítínì lọ gbé e bọ̀ mọ́ ọ̀pá méjì tó ń ṣí fáàfù lókè. Bó bá já, tàbí tó fo eyín, písítínì á gòkè bá fáàfù tí kò tíì padé, fáàfù á tẹ̀, wọ́n á sì ní láti tú orí ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Nígbà tí mọ́tò náà kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ ni pé kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì yìí ní 72,000 máìlì. Ó ń já ṣáájú ìgbà náà. Nígbà tó yá, wọ́n gé e sí ìdajì, ó di 36,000 máìlì. Pípààrọ̀ rẹ̀ gan-an kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú: irin kan wà tí wọ́n fi ń de ọ̀pá fáàfù méjèèjì mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa yí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọn ibi tí písítínì ti dé òkè pátápátá. Mẹkáníìkì tó bá fojú díwọ̀n rẹ̀, tó kàn fi ẹfun sàmì sára rẹ̀, lè dá mọ́tò padà fún olówó rẹ̀ láìlágbára mọ́. Ẹ́ńjìnnì náà tún máa ń mu ọ́ìlì. Ẹni tó ń dúró de iná pupa kó tó yọ géèjì wò ti pẹ́ jù.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni iye tí wọ́n fi ra mọ́tò. Owó irú mọ́tò yìí máa ń já wálẹ̀ kíákíá, nítorí orúkọ burúkú ti ṣáájú rẹ̀ dé ọjà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti Jámánì á rí i pé owó òun ká a. Ṣùgbọ́n owó mọ́tò nìkan ló wálẹ̀. Owó bẹ́líìtì ò bá a wálẹ̀, owó àwọn apá irin tó di táyà iwájú mú ò bá a wálẹ̀, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì tiẹ̀ ń gòkè ni. Oyin ti di ọ̀pọ̀, iye tí wọ́n ń ta àáké ò yí padà. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra mọ́tò, tí kò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù fún ìtọ́jú, kì í ṣe òun là ń pè ní ẹni tí kì í wo ẹnu àáké. Ọwọ́ òfo ló gbé dé ẹsẹ̀ àpáta. Bó bá wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń bú àwọn ará Ítálì, òwe yìí ò gbè é.

Àwọn kan á fi òwe dá òwe lóhùn: ìwà lẹwà. Wọ́n á ní mọ́tò tó rẹwà tí kò ṣeé fọkàn tán, arẹwà tí kò níwà ni, kéèyàn yáa ra Toyota. Àtakò yìí lágbára, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń du tòkunbọ̀ Corolla àti Camry l'Ékòó mọ ìdí: ẹ̀yà ara wọn kún ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, mẹkáníìkì tó mọ̀ wọ́n tú ò sì wọ́n. Fún ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun, mo gbà láìjiyàn: kó ra èyí tí kò ní já a kulẹ̀. Àmọ́ èèyàn ni òwe ìwà lẹwà ń bá wí. Irin kì í hùwà. Àwọn tó ṣe é àtàwọn tó ni ín ló ń hùwà fún un. 156 tí wọ́n ń pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ lásìkò, tí wọ́n ń yọ géèjì rẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn mẹ́rin tí ò tọ́jú ẹ̀. Ẹ tiẹ̀ wo bó ṣe ń yípo: orúkọ burúkú sọ ọ́ di ọ̀pọ̀, ọ̀pọ̀ gbé e fún ẹni tí kò lágbára ìtọ́jú, àìtọ́jú sì tún fi kún orúkọ burúkú. Ìdajì ohun tí à ń pè ní àìníwà mọ́tò, ti olówó rẹ̀ ni.

Ìdajì ni mo wí o, nítorí ẹ̀bi ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Alfasud, mọ́tò Alfa Romeo mìíràn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Pomigliano d'Arco nítòsí Naples ní 1972, ní ilé iṣẹ́ kan náà tí wọ́n ti wá ṣe 156, gba ìyìn lẹ́nu àwọn awakọ̀ fún bó ṣe ń di títì mú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń dógùn-ún kó tó dàgbà. Ti Beta, mọ́tò Lancia tó jẹ́ ilé iṣẹ́ Ítálì mìíràn, burú ju ìyẹn lọ: ìdógùn-ún jẹ ibi tí wọ́n so irin tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró mọ́, títí tí Lancia fi ń ra mọ́tò padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1980. Ní 1994, Lancia kó kúrò nínú ọjà ibẹ̀. Kò sí ìtọ́jú olówó mọ́tò tó lè tún irú èyí ṣe. Òwe wa pàápàá ò ní ká máa ṣá àpáta ṣófo. Oyin inú àpáta ló wí, ọlọ́gbọ́n á sì kọ́kọ́ wá ihò tí oyin ń gbà wọlé kó tó lọ gbé àáké. Ihò yẹn, abẹ́ mọ́tò ló wà, kì í ṣe ara rẹ̀ tó ń dán.

Ọ̀rọ̀ kan jẹ mí lógún ju gbogbo èyí lọ: àáké ta ni? Òwe gba ẹni tó fẹ́ jẹ oyin láyè kó ba ẹnu àáké jẹ́, nítorí òun ló ni ín, òun náà ló sì máa jẹ oyin. Owó ilé ìwé ọmọ kì í ṣe àáké bàbá. Ẹni tí owó rẹ̀ tán sórí ẹ́ńjìnnì, tó wá ń wa mọ́tò kiri láìtún bíréèkì ṣe, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fi ń ṣá àpáta. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó tirẹ̀ ni, tó ní ohun mìíràn tó máa gbé e dé ibi iṣẹ́, tó sì mọ ohun tó ń rà, mi ò rí ìdí tẹ́nikẹ́ni fi máa pè é ní òmùgọ̀. Bí ẹ bá wà lára wọn, tí ẹ sì wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò MOT fún mọ́tò tó bá ti lé lọ́dún mẹ́ta, ọ̀fẹ́ sì ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ẹ kà á. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì gbẹ̀yìn. Bí ẹni tó ń tà á ò bá ní ìwé tó fi hàn, ẹ kà á sí pé wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san, kí ẹ má sì wa mọ́tò náà lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ bá mẹkáníìkì.