Ta Ni Ó Rán Ọ Ní Iṣẹ́ Tí O Ń Jẹ́?

Ẹ̀yin ará, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní yunifásítì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń yàn sí ipò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọlá ni èyí, ẹrù sì ni pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tí a ti fi ọ̀dọ́ kan jẹ ààrẹ, ohùn méjì ni ó wà ní ẹnu rẹ̀: ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, èkejì jẹ́ ti àwọn tí ó yàn án. A kò torí èyí pè é ní ẹlẹ́nu méjì. Ṣùgbọ́n bí kò bá fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohùn méjèèjì, orúkọ náà kò ní pẹ́ mọ́ ọn lórí.

Bí ààrẹ bá tọ ọ̀gá àgbà yunifásítì lọ, tí ó wí pé, “Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò fara mọ́ owó tuntun yìí,” òtítọ́ ni ó sọ bí ìgbìmọ̀ aṣojú bá ti jókòó dìbò sí i. Bí ó bá jẹ́ èrò ọkàn rẹ̀ nìkan, owó náà lè pọ̀ jù lóòótọ́, síbẹ̀ ó ti purọ́. Kì í ṣe nípa owó, bí kò ṣe nípa ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀.

Irọ́ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ohun tí a bá sọ ní orúkọ ẹgbẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń forí fá a. Ní 1978, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà dìde lòdì sí owó oúnjẹ àti ibùgbé tí ìjọba fi kún, Ṣẹ́gun Òkeowó ni ààrẹ NUNS, ẹgbẹ́ gbogbogbòò tí a dá sílẹ̀ ní 1956. A lé e kúrò ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ìyà náà kò dúró lórí rẹ̀ nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kú. Ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ náà, títí NANS fi dìde ní 1980.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣebí àwọn baba wa ni ó ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ?” Bẹ́ẹ̀ ni. Òwe náà fún ìránṣẹ́ láyè láti fi ọ̀wọ̀ tún ọ̀rọ̀ ṣe. Kò fún un láyè láti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Ǹjẹ́ kí aṣáájú pa èrò ara rẹ̀ mọ́ ni bí? Rárá. Kí ó kọ́kọ́ wí pé, “Ìpinnu ẹgbẹ́ nìyí,” tàbí, “Èrò tèmi nìyí.” Bí ẹni tí ó ń darí ìpàdé bá fẹ́ dá sí àríyànjiyàn, kí ó fi àga sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pàápàá, nínú ìwé rẹ̀ kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 7, ya ohun tí Olúwa pa láṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ̀ràn tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Ẹlòmíràn a máa fi orúkọ ẹgbẹ́ bú ọ̀tá rẹ̀, nígbà tí ọ̀ràn bá dé, a wí pé, “Èrò ti ara mi ni.” Ṣáájú ọ̀rọ̀ ni a ń sọ ẹni tí ó ni ín, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ibòmíràn sì wà tí oyè kò ṣeé ṣí kúrò lórí bíi fìlà. Níbẹ̀, dídákẹ́ sàn ju àlàyé lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bi àwọn ọmọ yín tí ó wà nípò léèrè pé: ta ni ó rán ọ? Ẹni tí ó bá lè dáhùn láìṣiyèméjì ni a lè fi ìlú lé lọ́wọ́ lọ́la.