Ta Ló Ni Oko Ata?

Orí oko ata ni ààfin ọba Èkó wà. Kì í ṣe àwàdà, n kò sì fi bú ẹnikẹ́ni. Ìga Ìdúngánràn ni orúkọ ààfin náà, àwọn onítàn Ìsàlẹ̀ Èkó sì máa ń ṣàlàyé pé oko ata ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Arómirẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Olófin tó tẹ̀dó sí Ìdó, ló máa ń tukọ̀ wá pẹja ní erékùṣù náà, òun ló sì dá oko ata síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọba kúrò ní Ìdó, wọ́n wá jókòó síbi tí ata wà. Ẹni tó bá dúró ní Ẹnu-Ọ̀wá lónìí, láàárín ariwo ọlọ́jà, kò ní rí ewé ata kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n orúkọ oko ṣì wà lára ilẹ̀.

Ìbéèrè tó ń dà mí láàmú rọrùn láti bi, ó ṣòro láti dáhùn: bí èèyàn bá ro ilẹ̀, tó gbin nǹkan sí i, tó làágùn sórí rẹ̀, ṣé ilẹ̀ náà ti di tirẹ̀ nìyẹn?

Èkó ti dáhùn lọ́nà tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ọba ń jọba, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ilẹ̀. Àwọn Ìdéjọ, ìyẹn àwọn ìjòyè onífìlà funfun bíi Arómirẹ́, Olúwa, Ọlọ́tọ̀, Oníkòyí àti Onírù, ni ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn náà kò sì ní in bí èèyàn ṣe ń ní ẹ̀wù; wọ́n ń dì í mú fún ẹbí ni. Nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, inú bí àwọn ìjòyè wọ̀nyí, nítorí pé ọba kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ó tó ọgọ́ta ọdún kí ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Àmódù Tìjání, tó jẹ́ Olóyè Olúwa nígbà náà, pẹjọ́, ẹjọ́ sì dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ síbẹ̀. Ní 1921, àwọn adájọ́ sọ pé ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, John Locke, ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú, nínú ìwé tó jáde ní òpin ọdún 1689. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, ti ẹni ni. Bí a bá sì po iṣẹ́ wa mọ́ ilẹ̀ tí kò ní olówó, ilẹ̀ ti di tiwa, bó bá ti ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ilẹ̀ tí kò ní olówó wà? Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi gba ilẹ̀ àwọn tí wọ́n bá ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwọn yẹn kò ro ó bó ṣe yẹ.

Àṣà tiwa ya iṣẹ́ kúrò lára ilẹ̀. Ẹni tó gbin irè ló ni irè. Ẹbí ló ni ilẹ̀. Àlejò tó gba ilẹ̀ á máa san ìṣákọ́lẹ̀, ó lè jẹ́ iṣu díẹ̀ àti ìgò ọtí kan lọ́dún, kó má bàa gbàgbé ọwọ́ tó fún un. Wọ́n á sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbin igi. Ata, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, kò sí wàhálà. Obì, kòkó, ọ̀pẹ, orógbó, ó di kó gba àṣẹ. Ata kì í pẹ́ kú, ẹni tó gbìn ín á sì tún padà wá tọrọ àyè. Igi ń pẹ́ láyé ju ẹni tó gbìn ín lọ. Ọmọ rẹ̀ á wá kórè, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á ní baba ńlá àwọn ló ni ibẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Ẹ bi àwọn ará Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ léèrè ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ oko kòkó dá sílẹ̀.

Ewúro ló kọ́ mi ní èyí. Agboolé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ìyá bàbá mi ti ń gbin ewúro sínú garawa tó ti jò, torí pé kò sí ilẹ̀ mìíràn. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, èmi àti ìyàwó mi gba ìdajì éékà ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Mo ti kà nípa hop, ìtàkùn òkè òkun tí wọ́n fi ń mú kí bíà korò. Kò fẹ́ràn ilẹ̀ wa, torí pé ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà níbí jálẹ̀ ọdún. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wa sì ti dán ewúro àti orógbó wò dípò rẹ̀. Mo ní bí kò bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pọn bíà, á dé inú ọbẹ̀.

Ìgbé ayé abúlé kò rí bí ará ìlú ṣe ń rò ó. Aago márùn-ún ìdájí ni ìyàwó mi ti ń gbálẹ̀, èmi á ti wà nídìí kànga, torí tí ilẹ̀ bá mọ́ tán, ọmọdé àti korobá á ti tò síbẹ̀. A ó gé ewúro kí oòrùn tó mú. Lọ́sàn-án, ewúrẹ́ aládùúgbò á fọ́ ọgbà, a ó lé e, yóò tún padà. Lálẹ́, a ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a ó máa já ewé kúrò lára ọ̀pá, a ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi máa hó bí ọṣẹ, ọmọ wa á sì máa ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nídìí àtùpà. Ẹni tó bá ń lọ sí Ẹ̀bútè Èrò láàárọ̀ á bá wa gbé e lọ fún àwọn tó ń tà á.

Lọ́dún kejì, bàbá onílẹ̀ wá wo oko. Wọ́n yí i ká, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, “Ìwọ ọmọ Èkó, igi lo gbìn yìí.”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, ewúro ni, sà. Ẹ̀fọ́ ni.”

“Ẹ̀fọ́ kẹ̀? Ẹ̀fọ́ wo ló ga jù mí lọ yìí?” Wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà wọn. “Tó bá mọ níbí, ẹ̀fọ́ ni. Tó bá ti bò mí lórí, igi ni, a ó sì jọ sọ ọ̀rọ̀ míì.”

Inú bí ìyàwó mi. Ó ní ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ láti ọjọ́ tó ti fún wa ní igbó kò yẹ kó máa wá wọn ewé wa. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Jíjogún ilẹ̀ nìkan kò sọ èèyàn di olóòótọ́: gbogbo Èkó ló mọ ọmọ onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, tó tún gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé lọ́wọ́ wọn, títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ní láti ṣe òfin lé e lórí ní 2016.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìyàwó mi dé òpin rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń lo ilẹ̀ ló ni ín, ẹni tó lè lò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Láti 1955, àjọ LEDB wó ilé àwọn èèyàn ní àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ìlò tó sàn jù ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lo ilẹ̀ náà. Ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pàdánù oníbàárà àti ẹbí lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ àǹfààní gbogbo ìlú. Àgbẹ̀ kékeré tó bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan jà fún ilẹ̀ ti fún katakata lẹ́jọ́ àre.

Ní tèmi o, mo gbà pé gbígbìn kò fún mi ní ilẹ̀. Ohun tó fún mi ni pé kí n kórè ohun tí mo gbìn, kí a bi mí kí a tó yí nǹkan padà, kí a sì fún mi láyè tí mo bá ní láti lọ. Onílẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun lè ṣe é bó ṣe wu òun, torí àwọn tí kò tíì bí ni ó ń bá dì í mú. Àwọn aláìní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù máa ń lọ já hop ní Kent ní gbogbo oṣù kẹsàn-án, ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà, wọ́n á sùn sínú ahéré, wọ́n á sì tún padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọn kò ní ìtàkùn kan níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, wọn kò pè wọ́n mọ́. Kò sí òfin tí wọ́n rú sí wọn, síbẹ̀ n kò lè sọ pé wọn kò pàdánù ohun tó jẹ́ tiwọn.

Lọ́dún tó kọjá, mo mú ìgò ọtí lọ bá bàbá, pé a fẹ́ gbin orógbó mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ààlà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Orógbó! Ta ni yóò jẹ ẹ́ nínú wa?” Wọ́n mu ọtí díẹ̀, wọ́n ta díẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ká gbin ọ̀kan lórúkọ ọmọ wọn, ká gbin ọ̀kan lórúkọ ọmọ wa. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Wọ́n ní ká gbìn ín ná, ẹni tó ni ín kò tíì dé.

Wọ́n ti yọ ewé báyìí. Ewúro, a ṣì ń gé e mọ́ ìwọ̀n àyà.